Mẹ́ta Péré

Mẹ́ta péré ni kọ́ńpìnnì ṣe, bẹ́ẹ̀ la gbọ́.
Ọ̀kan rì sókun kó tó gúnlẹ̀,
ọ̀kan wà lágbàlá olówó kan tí kì í jẹ́ kóòrùn rí i,
ẹ̀kẹta ni ti Bàbá Ọ̀nàfowókàn ní Ìpẹru:
Pọ́ńtíákì pupa, ẹnu gbọọrọ bí ẹnu ọ̀nì,
píṣítìnnì mẹ́jọ tí wọ́n fọwọ́ rọ, tí wọn ò fẹ̀rọ rọ.

Wọ́n ní Bàbá gbé ìkọ́kọ́rẹ́ gbígbóná sórí ìjókòó,
ó dé Ìbàdàn, ooru ṣì ń yọ lára oúnjẹ.
Wọ́n ní ó gba orí afárá odò Ibù kọjá
táyà kankan ò kan afárá.
Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. N ò ní purọ́ fún yín.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí mo búra nílé ìwé
pé mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti Ògèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnìkan ti Èkó wá rà á,
ó gbé àpò owó sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.
Àwọn ọmọ olóògbé tò bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.
"Kúyẹ̀ ọmọ Ṣóbándé, ṣí i fún wọn."

Mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Alángbá méjì sá jáde.
Mo rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, mo nu irin,
ìdọ̀tí ogójì ọdún ń ṣí bí èèpo.
Mo ka púlọ́ọ̀gì. Mẹ́fà.
Mo tún un kà láti ẹ̀yìn wá síwájú.
Mẹ́fà.

Nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára ẹ́ńjìnnì
àti èyí tó wà lára awo irin lẹ́nu ilẹ̀kùn,
bí ìbejì ló yẹ kí wọ́n jọra.
Ewúrẹ́ àti ẹja ni wọ́n.
Mo sì mọ irú nọ́ńbà yẹn:
Bẹ́dífọ́ọ̀dù, lọ́rì akóbì,
tí ń lọ sí Sábó Ṣágámù ní ìdájí.

"Ariwo ńkọ́? Ṣebí ó máa ń mi fèrèsé?"
Salẹ́ńsà ló jó, ẹ̀gbọ́n. Ihò inú rẹ̀ gba ẹ̀ṣẹ́ mi.
"Àkọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́?"
Mo fi èékánná ha á. Ọ̀dà ni,
ẹni tó kùn ún sì kọ S rẹ̀ sẹ́yìn.

Ará Èkó rọra fẹsẹ̀ fa àpò mọ́ra.

Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó hú sàréè.
Ọ̀tá wo ló rán mi?
Mo dákẹ́, nítorí mo ti rí nọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀
tí wọ́n fi fáìlì gé létí kan:
àmì bàbá mi, tí kì í fi sílẹ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀,
bàbá mi kan náà tó ń pìtàn "mẹ́ta péré" yẹn
lálaalẹ́, láìrẹ́rìn-ín.

Ìyàwó olóògbé fi ọ̀pá kanlẹ̀.
"Ẹ ò bi mí.
Ti Amẹ́ríkà ti kú lọ́nà Ìlíṣàn kó tó pé ọdún.
Bàbá yín ò rọ òróró sí i.
Òru ni Ṣóbándé wá, pẹ̀lú àtùpà, nínú ahéré obì.
Obì tí ẹ́ńjìnnì yìí kó ló rán ẹ lọ sí yunifásítì,
ìwọ. Ìwọ náà.
Tẹ̀ ẹ́, Kúyẹ̀."

Mo so bátìrì tèmi mọ́ ọn. N ò retí nǹkan kan.
Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́.
Ó sì gbà, pẹ̀lú ohùn lọ́rì tó ru obì gun òkè.

Ará Èkó ti dé títì.
Lórí ògiri, ọmọ kékeré kan ń kígbe sẹ́gbẹ́ rẹ̀
pé ẹ́ńjìnnì lọ́rì nínú Pọ́ńtíákì,
ọ̀kan ṣoṣo yìí ló wà láyé.
Mo ya ẹnu kí n bá a wí.
Mo tún un rò.
Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.