Pátákó Òkè-Lísà

Pátákó dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ wa l'Óńdó,
ní Òkè-Lísà, níbi tí ọkọ̀ Ilé-Olújì ti ń já ẹrù.
Iye tí kòkó ń lọ ni wọ́n ní kí n máa kọ sí i,
èmi Fẹ́hìntọlá, akọ̀wé orí òsùwọ̀n.
Mo kọ iye kòkó, ààyè ṣẹ́ kù nísàlẹ̀.
Ọwọ́ tó di ṣọ́ọ̀kì mú kì í fẹ́ sinmi.

Mo kọ ọ́ pé: "Àgùàlà ti kúrò lójú alẹ́,
ìdájí ni yóò máa yọ báyìí.
Kì í ṣe ajá oṣù. Ayé bíi tiwa ni,
àmọ́ ó gbóná ju ààrò lọ."
Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan ti fi àtẹ́lẹwọ́ nu "Kì í ṣe" kúrò,
ajá oṣù tún di ajá oṣù.

Inú rédíò kékeré ni mo ti ń gbọ́ wọn lóru,
èdè òyìnbó tó ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀.
Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tó ti oko bọ̀?
Mo kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n rán lọ sórí òṣùpá gúnlẹ̀,
ṣùgbọ́n ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí àgùntàn tó yó.
Ó yé wọn. Wọ́n tilẹ̀ káàánú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ pé àpò kòkó kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta,
bí a bá gbé e dé orí òṣùpá,
kò ní wọ̀n tó kílò mọ́kànlá.
Bàbá Akíntìmẹ́yìn kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí fìlà:
"Háà! Akọ̀wé, o ò tètè sọ.
Ṣé òṣùpá lẹ ti ra òsùwọ̀n yín ni!"
Ẹ̀rín pa gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà.
Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n n kò wo ojú ọ̀gá mi.

Mo ti ṣì í kọ rí o. Mo gbàgbé òdo méjì
lẹ́yìn iye máìlì tí òkúta ojú ọ̀run kan yóò fi jìnnà sí wa.
Ọmọ iléèwé sunkún. Obìnrin kan lọ gba owó àjọ rẹ̀,
ó ní ta ni òun ń tọ́jú ẹ̀ dè.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà náà,
"kò ní kàn wá" ni mo kọ́kọ́ ń kọ
kí n tó sọ ohun tí kò ní kàn wá.

Lálẹ́ tí òṣùpá fẹ́ wọ òjìji ayé,
wọ́n jókòó sórí ẹní tí a fi ń sá kòkó.
Ìkùukùu dí gbogbo rẹ̀ pátápátá.
Ọ̀pọ̀ dìde lọ. Ẹnì kan ní kí n dá owó òun padà,
bẹ́ẹ̀ kò sanwó kankan.
Aago mẹ́wàá kọjá kí sánmà tó ya díẹ̀ bí aṣọ gbígbó,
òṣùpá sì wà níbẹ̀,
ó pọ́n bí epo tó dì lásìkò ọyẹ́.
Mo ti to àlàyé sílẹ̀ láti àárọ̀. Mo gbé e mì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Fìyínfolú kó àpò mẹ́ta wá.
Kó tó bèèrè iye kòkó, ó ní:
"Lánàá, mo rí ìràwọ̀ kan lójú ọ̀nà oko.
Ìhà Ìdànrè ló ti wá. Kò ṣẹ́jú, kò sáré,
ó kàn ń lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.
Kọ ọ́ síbẹ̀."
Mo na ṣọ́ọ̀kì sí i. Ó ní òun ò mọ̀wé.
Mo ní bó ṣe lọ gan-an ni kó kọ.
Ó fa ìlà kan láti etí pátákó dé etí kejì,
ó la iye kòkó já.

Ọ̀gá mi dé, ó ní ta ló ba iye jẹ́.
Mo ní, "Ìròyìn ni, sà."
Ó fi ojú tẹ̀lé ìlà náà títí ó fi kan igi pátákó.
Kò sọ pé kí n nù ún.