Omi Inú Táyà

Táyà mẹ́tàdínlógún ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Bàsírì, l'Ádó-Èkìtì.
Mo ní n ó tà wọ́n fún aránbàtà.
Ọdún kẹta rèé, aránbàtà ò dé;
òjò ló ń dé.

Nọ́ọ̀sì bi mí: "Níbo lomi ti ń dúró lọ́dọ̀ yín?"
Mo rẹ́rìn-ín. Omi kẹ̀?
Ẹ̀rọ tí ò kán tó látìgbà tí mo ti gbéyàwó!

Ẹ̀rìnfọlámí wà lórí bẹ́ńṣì,
ara rẹ̀ gbóná bí irin tí mo fi ń lẹ túùbù.
Ọ̀sán ni wọ́n jẹ ẹ́, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá
lórí táyà tó fi ṣe àga.
Nẹ́ẹ̀tì wà nílé, ó ń dúró de alẹ́.

Mo padà, mo bẹ̀rẹ̀ wò:
omi tí ò tó bọ́jú,
tanwíjí ń forí sọlẹ̀, wọ́n ń fìdí mí.

Ogún ọdún ni mo ti ń dí ihò jẹun.
Lónìí mo ki irin bọ iná,
mo ń lu táyà níhò, lọ́kọ̀ọ̀kan,
omi dúdú ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀.

Ó ku dúrọ́ọ̀mù Ìyá Fádèyí lẹ́yìn ògiri, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu.
A kì í bára wa sọ̀rọ̀ látọdún tá a ti jà sí ilẹ̀.
Mo nuwọ́. Mo kanlẹ̀kùn.