Ilẹ̀kùn Omi

Bàbá Tawwab bọ́ jalabíà rẹ̀, ó ká a bí ẹni ká lẹ́tà,
ó gbé e lé Inṣirah ọmọ rẹ̀ lórí itan.
Ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì.
Mo ní, "Ẹ má bínú, oje yìí tutù."
Ó ní omi odò àfọwọ́gbẹ́ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ tutù jù ú lọ,
inú rẹ̀ sì ni òun ti lo ogójì ọdún.

Mansura ni, yàrá kejì lápá òsì,
aṣọ dúdú lójú fèrèsé.
Mo ti ka ikùn mọ́kànlá láti òwúrọ̀.

"Ẹ mí sínú. Ẹ dá a dúró."
Ẹ̀dọ̀ yọ lójú ẹ̀rọ: ó ti sún kì,
etí rẹ̀ rí gbágungbàgun bí ebè tí ewúrẹ́ tẹ̀.
Ọlọ inú ti wú, ó gbalẹ̀
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí à ń lọ.
Èyí kò yà mí lẹ́nu.
Ìṣáwùrú ló bá a ṣeré lọ́mọdé,
àtọ̀sí ajá gba awọ ẹsẹ̀ wọlé;
wọ́n wá kó abẹ́rẹ́ wá síléèwé láti wò ó sàn,
abẹ́rẹ́ kan, ogún ọmọ,
omi gbígbóná díẹ̀ láàárín apá kan sí èkejì.
Ó ṣì rántí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà:
Farghali, tó ń sunkún.
Farghali ti kú. Ẹ̀dọ̀ náà ni.

Mo tẹ bọ́tìnnì Dọ́pílà.
Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bọ̀ wá bá ọwọ́ mi, pupa;
bó bá ń sá fún un, àwọ̀ aró.
Iṣan ńlá tó ń ru oúnjẹ ọjọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀,
pupa ló yẹ kó jẹ́.
Mo yí ọwọ́. Mo tún un yí.
Mo wò ó bóyá èmi ni mo dojú ẹ̀rọ kodò.
Aró ni.
Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, àbí?

Mo ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀: hùùù, hùùù,
kò sáré, kò yan, ó ń wọ́sẹ̀
bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ lójú.

Bàbá gbórí sókè. "Èmi nìyẹn?"
"Ẹ̀yin ni."
Ó tẹ́tí, bí olùṣọ́ ilẹ̀kùn omi ṣe ń tẹ́tí lóru,
tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn.
"Ó ń padà sẹ́yìn," ló wí.
N kò tíì lanu.

"Bí ojú oró bá dí ẹnu odò,
omi kì í jókòó, kì í bẹ ẹnikẹ́ni.
Á gba oko Riyad, á gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí,
á wá ibi tí ògiri ti tín-ín-rín.
Ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ́, lóru,
tí gbogbo abúlé á fi ojú oorun sáré.
Níbo ni tèmi ti tín-ín-rín, ọmọ mi?"

Mo fi ìka kan ọ̀nà ọ̀fun ara mi.
Mo ní àwọn dókítà òkè lè fi rọ́bà kékeré so ó,
kí ó má baà bẹ́.
Ó mi orí. "Àpò yanrìn nìyẹn. Ó dára.
A máa ń fi àpò yanrìn sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Inṣirah ń tú jalabíà, ó tún ń ká a.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án
láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sẹ́yìn.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu oje kúrò níkùn rẹ̀.
Ó di ọwọ́ mi mú.
Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹni kẹtàlá ń kan ilẹ̀kùn.
Mo tún da oje sí i.