Abẹ́rẹ́ Kò Kúrò Nílẹ̀

Láti Òkè-Báálẹ̀ dé Ọlá-Ìyà, abẹ́rẹ́ kò mira.
Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo gíláàsì,
mo wo géèjì: ó sùn gbalaja
bí ọmọ tí wọ́n ní kó dìde lọ sílé ìwé.

Mo wà á lọ bá Ọ̀gá Tàfá lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ní Kẹ̀lébẹ̀.
“Kí ló ṣe é?”
“Ó tutù jù.”
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
“Ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà,
ìwọ ń sunkún ìtura!
Nínú ìlú tí à ń jí bẹ omi pé kó tù wá lára?”

Mo ní epo tí ó ń mu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó oṣù mi lọ.
Mo ní kó wo ẹnu sàlẹ́ńsà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo ṣí ọmọrí ọ́ìlì fún un:
nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ àná.
Ẹ̀rín tán.

Ó ní ká pa á, kó sinmi. A jẹ ẹ̀pà.
Nígbà tí a tún un tan, ó di rọ́bà òkè mú
bí ẹni di ọwọ́ aláìsàn mú.
“Ó yẹ kí èyí ṣì tutù ná,
kí omi dúró nínú ẹ̀ńjìnì, kó gbóná dáadáa,
kí ìlẹ̀kùn tó ṣí.”
Kò pẹ́ rárá, rọ́bà ti lọ́ wọ́ọ́wọ́.
Omi ti ń rìn. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Ó gba sípánà, ó tú nọ́ọ̀tì méjì,
ó na ìka sínú ihò.
Òfìfo.
Ìlẹ̀kùn kò bàjẹ́. Kò sí ìlẹ̀kùn rárá.

“Ta ló yọ tàmọsítáàtì?”
Ọmọ iṣẹ́ wo ilẹ̀. Èmi wo ọ̀gá.
Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọ̀sán gangan, ọ̀nà Iléṣà,
èéfín ń rú, oyún oṣù mẹ́jọ nínú mi,
ọkùnrin kan sáré dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi méjì:
“Mo ti yọ ọ́ dànù, màdáàmù. Ilẹ̀ wa gbóná, kí la fẹ́ fi ṣe?
Kò ní gbóná mọ́ láé.”

Ó nu ọwọ́ ní àkísà. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
“Mo mú ìlérí yẹn ṣẹ ju bó ṣe yẹ lọ.”
Kò gbowó iṣẹ́.

Ní Òkè-Fíà, abẹ́rẹ́ dìde díẹ̀díẹ̀,
ó dé àárín, ó dúró síbẹ̀.
Díẹ̀ ló kù kí n kọlu kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan:
abẹ́rẹ́ ni mò ń wò.