Ẹnì Kan Ti Wọlé

Aago méjì òru, Àgọ́-Ìwòyè.
Ẹ̀rọ amúnáwá ilé Ṣófowótẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ panu mọ́,
ọkọ̀ agégẹdú tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó
ti kọjá, ó ti kó ìmìtìtì rẹ̀ lọ.
Ìsinsìnyí ni mo tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Nínú àgbá òtútù tí mo gbé sígun
yàrá kan wà tí ojú ò tó:
bí ẹ bá la fọ́nrán irun kan sí ẹgbẹ̀rún,
yàrá náà ò ju ìdá kan lọ.
Iná mànàmáná kì í rọ́ wọ ibẹ̀ bí omi.
Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni.
Ẹni tó wà nínú ilé ń ti ẹni ẹnu ọ̀nà sẹ́yìn:
"Ó kún. Dúró ná."
Àfi bí mo bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ díẹ̀
kí ilẹ̀kùn tó rọ̀.

Èmi kì í yọjú síbẹ̀.
Okùn tín-ín-rín kan ni mo nà sẹ́yìn ògiri,
iná ń ṣàn nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́;
bí ẹnì kan bá wọlé lódìkejì
ìṣàn náà á rẹlẹ̀, bí ẹni tó sé èémí.

Ọ̀gá mi bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ sùúrù yìí.
N ò sọ fún un pé ilé oníyàrá mẹ́wàá ni,
níbi tí ìyá mi, Ẹfúnyẹmí, ti ń dùbúlẹ̀, tó dijú,
tí yóò ní, "Bàbá yín ti dé,"
kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn, kí wọ́n tó wúkọ́.
Báwo lẹ ṣe mọ̀, Mààmi?
"Ògiri ló sọ."

Lálẹ́ òní ìlà náà ṣàdédé fò sókè.
N ò fọwọ́ kan nǹkan kan.
Mo tún wáyà ilẹ̀ so, mo pa fóònù, mo pa fáànù,
mo tiẹ̀ bọ́ bàtà.
Ó padà. Ó tún fò.
Aládùúgbò ni: ẹyọ iná kan tó há sínú àpáta gíláàsì,
tó ń yíra padà lórí ẹní tirẹ̀,
tí gbogbo ilé ń gbọ́.
Ariwo lásán ni ìwé pè é.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ọdún kẹrin rèé tí Bàbá ti lọ.
Mààmi ṣì máa ń gbórí sókè lóru,
wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́."
A kì í gbọ́ nǹkan kan.
N kì í bá wọn jiyàn mọ́.
Mo máa ń wo aago,
mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.