Ibi Tó Kán Sí Kọ́ Ló Ti Wá

Oṣù mẹ́ta ni mo fi tún ẹ́ńjìnì náà tò
lórí tábìlì ìdáná, ní Corris, nígbà òtútù,
písítìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì,
fáàfù nínú ife tí Nesta fi ń mu tíì.
Kò bínú. Ó ní kí n ṣáà má gbàgbé bóòtì sínú ṣúgà.
Mo gbàgbé kan síbẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn.
Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó wá ń kùn bí ológbò tó yó.
Gethin aládùúgbò juwọ́ sí mi lójú fèrèsé.
Alùpùpù ọdún 1962, tí gbogbo wọn ti pè ní pàǹtí,
ó gbé mi gòkè, ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò wìnnìwìnnì.

Ilẹ̀ mọ́, epo wà nílẹ̀.
Kò pọ̀. Ó tó ẹyọ owó kan,
dúdú, ó ń dán lórí òkúta pẹlẹbẹ
tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ là nínú òkè.

Mo ní nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ni. Mo fún un le.
Ó kán.
Mo pààrọ̀ wáṣà rẹ̀.
Ó kán.
Mo ní gáskẹ́ẹ̀tì ni. Mo tú orí ẹ́ńjìnì,
mo ha ojú irin títí ó fi tẹ́jú bí omi adágún,
mo fún bóòtì rẹ̀ díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún,
bí ẹni ń làjà láàárín ọmọ ìyá.
Ó kán sí ibòmíràn.

Gethin, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà òkè,
ló dé, tó bẹ̀rẹ̀, tó rẹ́rìn-ín.
"Ibi tó kán sí kọ́ ló ti wá.
Epo a máa rìn, Idwal. Atẹ́gùn á tì í sẹ́yìn,
irin gbígbóná á gbé e kiri bí òfófó.
Wẹ̀ ẹ́. Fi páúdà ọmọdé kùn ún.
Gùn ún ní máìlì márùn-ún, kó o wá wò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀."

Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì wẹ̀ ẹ́,
mo gbọn páúdà ọmọ-ọmọ wa sí i lára,
ó funfun bí ìyẹ̀fun tí a ò tíì pò.
Mo gùn ún dé afárá, mo padà,
mo dọ̀bálẹ̀ tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.
Ìlà kan ni mò ń wá.
Méje ni mo rí.
Orí ń sunkún, ìdí ń sunkún,
abẹ́ ẹsẹ̀ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ ń sunkún.

Mo jókòó sórí garawa.
Ẹni tó ń sunkún lójú kan, ẹ wá aṣọ nù ún.
Èyí tó ń sunkún ní gbogbo ara,
ẹ bi í pé kí ló dì í láyà.

Nesta gbé tíì dé. Ó wò mí, ó wo ẹ́ńjìnì.
"Ṣé ó tilẹ̀ ń mí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu.
Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ju ìka lọ,
imú tí èémí gbígbóná ń gbà jáde.
Nígbà tí mo ń kùn ún lọ́dà, kí eruku má baà wọlé,
mo ti dí i.
Mo yọ rọ́bà, mo ki ẹ̀mú bọ̀ ọ́,
mo fa àkísà kan yọ,
ó rin gbingbin bí ọmọ eku tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí,
aláwọ̀ búlúù, onílà tẹ́ẹ́rẹ́,
apá aṣọ ìsùn mi.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́.

"Mo ti ń wá apá aṣọ yẹn láti Oṣù Kejìlá," ni Nesta wí,
ó sì wọlé lọ.

Ó ń mí báyìí. Bí mo bá gbé ọwọ́ síbẹ̀, fúù, fúù,
ó gbóná, ó ń rùn bí iṣẹ́.
Láàárọ̀ yìí mo rí ẹ̀kán kan péré nílẹ̀,
kò ju ojú èèrà lọ.
Mo mú sípánà.
Mo gbé e padà sílẹ̀.
Òjò ti dá.