Rédíò Mẹ́ta Lórí Tábìlì Beinta

Eré ìje orí òkè ku ọjọ́ mẹ́ta ní erékùṣù Faroe.
Beinta to rédíò mẹ́ta sórí tábìlì ilé ìdáná.

Àkọ́kọ́ wúwo bí ìdákọ̀ró:
àpò ẹ̀wù wo ni yóò gbà á?
Èkejì ń dán yanran, bọ́tìnnì rẹ̀ kéré bí ẹyin ẹja.
Ta ni yóò bọ́ ìbọ̀wọ́ nínú òtútù yìí
kó tó ròyìn ẹni tó ṣubú?

Ẹ̀kẹta ò ju ọṣẹ ìfọwọ́ lọ.
Tróndur rẹ́rìn-ín: "Ohun ìṣeré ọmọdé."
Beinta ò fèsì.
Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, adìẹ ò gbé e mì.
Ó wọ bàtà, ó gba ẹ̀yìn ọgbà àgùntàn gòkè,
kùrukùru bò ó, àtorí àtẹsẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀fun la fi ń pe ara wa.
Afẹ́fẹ́ gé orúkọ Sunnvá jẹ mọ́ wa lẹ́nu;
wákàtí mẹ́sàn-án la fi wá a.

Ó fi ìbọ̀wọ́ onírun tẹ bọ́tìnnì.
"Tróndur, ṣé ò ń gbọ́ mi?"
Kṣṣṣ.
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
Àfi bí ẹni pé àyà rẹ̀ ló sọ̀rọ̀:
"Mò ń gbọ́ ẹ.
Ká ra méjìlá. Tíì ti hó, máa bọ̀ nílé."